Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Olówó Pọ́ọ́kú: Èsì sí Òǹkàwé Láti Ìkòyí

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi kan kọ ránṣẹ́ láti Ìkòyí, tí ẹ sì tẹ̀ jáde ní ojú ewé àwọn ọlọ́kọ̀, ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tòkunbọ̀ tí owó rẹ̀ kò ga jù má ṣe wo Ford Mustang tó bá ti ṣáájú ti ọdún 2015 lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn (ìyẹn àwọn irin àti sípíríǹgì tó so táyà ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀) ti ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi sí i. Wọ́n ní kí ó lọ ra èyíkéyìí tó bá ti ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn aládàádúró, ìyẹn èyí tí táyà òsì àti ti ọ̀tún kò so mọ́ ara wọn, pé ìyẹn nìkan ti tó láti fi dá ọkọ̀ tó ń gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu mọ̀. Apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, n kò sì ní jiyàn rẹ̀. Apá tó kù ni ó lè ná ọmọ ọlọ́mọ ní owó gọbọi, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbé kálàmù.

Kí á tó máa dárúkọ ọkọ̀, ó yẹ kí á mọ iṣẹ́ tí a ń bẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ibi tí táyà kan fi ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lọ, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo agbára tí ọkọ̀ fi ń sáré, tó fi ń dúró, tó sì fi ń yà ti ń wá. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà pẹ̀lú eré, ara rẹ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òde. Bí táyà bá bá ara ọkọ̀ tẹ̀, etí rẹ̀ nìkan ni yóò máa tẹ ilẹ̀, ọwọ́ tó fi di ọ̀nà mú yóò sì dẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ibi tí táyà kọjú sí: bí táyà ẹ̀yìn bá yí sí òde tàbí sí inú, bó ti wù kó kéré mọ, nígbà tí sípíríǹgì bá sọ̀ tàbí tí ó bá nà, a jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ ń tọ́ ara rẹ̀ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀. Ìwúwo náà tún wà níbẹ̀, nítorí pé ohun tó bá so mọ́ táyà tí kò sí lórí sípíríǹgì ni yóò máa fò ní gbogbo ìgbà tí ọ̀nà bá rí págunpàgun, bó bá sì ṣe wúwo tó ni yóò ṣe pẹ́ tó kí táyà tó padà balẹ̀. Ohunkóhun tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ bá pe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tirẹ̀, àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni a ó fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí Mustang tí wọ́n ń bú. Ẹsẹ̀ alápapọ̀ ni tirẹ̀: ọ̀pá irin gbọọrọ kan, tí dífúrẹ́ńṣà (àpótí gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà méjèèjì) wà láàárín rẹ̀, ni ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ní oṣù kẹrin ọdún 1964 títí dé èyí tí wọ́n ṣe ní 2014, àfi oríṣi Cobra kan tí wọ́n fún ní ẹsẹ̀ aládàádúró láti 1999. Àléébù ẹsẹ̀ alápapọ̀ kò fara sin. Ó wúwo, nítorí pé dífúrẹ́ńṣà, ọ̀pá àti táyà ni wọ́n jọ ń fò sókè sódò pọ̀. Táyà méjèèjì sì dà bí ènìyàn méjì tó fi igi kan ṣoṣo gbé ẹrù léjìká: bí ọ̀kan bá kọsẹ̀, èkejì náà á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ rí i kí ó wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba orí afárá Third Mainland, kí ó sì fetí sí ìdí ọkọ̀ níbi tí afárá náà ti ń tẹ̀ kọ̀rọ̀. Afárá náà gùn ní kìlómítà 11.8, ojú ìsopọ̀ onírin sì pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan lára wọn ni ìjọba àpapọ̀ torí wọn ti apá kan afárá náà pa ní 2020 kí wọ́n lè pààrọ̀ wọn. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, irin wọ̀nyí kò ju kí wọ́n dún gbì lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ń yà lọ́wọ́ nígbà tí táyà kọ lu irin náà, ẹsẹ̀ alápapọ̀ á fò lápapọ̀, ìdí ọkọ̀ á sì sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún di ilẹ̀ mú. Ohun tí òǹkàwé wa láti Ìkòyí rí nìyẹn, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Ohun tí wọn kò mẹ́nu bà ni pé ẹsẹ̀ yìí kan náà ló ń mú kí táyà méjèèjì dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ bí ara ọkọ̀ bá ń tẹ̀. Ọkọ̀ lè tẹ̀ bó ti wù ú, ọ̀pá náà kò bá a tẹ̀, ojú táyà á sì máa jókòó pẹrẹsẹ. Kò sí pé táyà ń yí sí òde tàbí sí inú bí sípíríǹgì ṣe ń sọ̀. Lórí ọ̀nà tó bá tẹ́jú, àǹfààní ńlá ni. Níbi tí ẹsẹ̀ alápapọ̀ ti ń dára tàbí tí ó ti ń burú ni ọ̀nà tí wọ́n gbà so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ní 1964, sípíríǹgì pẹlẹbẹ alábala, irú èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lóòótọ́, ni wọ́n fi gbé e; sípíríǹgì yìí kan náà ni ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀, òun náà ni ó ń di ọ̀pá mú kó má baà yẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá sì tú agbára sí i lójijì, á lọ́, ìdí ọkọ̀ á sì máa ta pọ́ún-pọ́ún. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti fi sípíríǹgì onírin-yíyí àti áàmù, ìyẹn apá irin tó ń di ọ̀pá mú mọ́ ara ọkọ̀, rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Mustang ti 2005 sí 2014, èyí tó pọ̀ jù lọ lára àwọn tí a ń rí ní Èkó, áàmù méjì ti wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè láàárín, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Panhard rod sì dá ọ̀pá ńlá náà dúró kó má lè sún sí òsì tàbí ọ̀tún. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kò tíì dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe kékeré tó ṣẹ́ kù ni pé ìpẹ̀kun kan ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni ó so mọ́ ara ọkọ̀, nítorí náà bí ìdí ọkọ̀ bá lọ sókè sódò, ọ̀pá ńlá náà á sún sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀nba. Àwọn tó kórìíra èyí ti ń fi ìsopọ̀ tí James Watt dá sílẹ̀ ní 1784 fún ẹ́ńjìnnì ooru rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ń ṣe dáadáa.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ alápapọ̀ ni ikú ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì, báwo ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé Toyota AE86, tí wọ́n ṣe láti 1983 sí 1987? Ẹsẹ̀ alápapọ̀ ni ó ní lẹ́yìn. Lórí irú ọkọ̀ yìí ni Keiichi Tsuchiya, ará Jàpáànù tí gbogbo ayé ń pè ní ọba yíyọ ìdí ọkọ̀ ní kọ́nà, ti gba orúkọ. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, awakọ̀ sì mọ ohun tí ìdí rẹ̀ fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Èyí tó fúyẹ́ jẹ́ kókó níbẹ̀, n ó sì padà sọ̀rọ̀ lé e.

Àwọn àgbààgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí pàápàá ti jókòó lórí àríyànjiyàn yìí rí. Sàlúùnù Peugeot 504 tó jáde ní 1968 ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn aládàádúró, ṣùgbọ́n sítéṣọ̀n wágọ̀ọ̀nù rẹ̀, tí àwọn awakọ̀ ìdíkọ̀ fi kó èrò àti ẹrù yí orílẹ̀-èdè yìí ká, ẹsẹ̀ alápapọ̀ ni tirẹ̀, pẹ̀lú sípíríǹgì méjì-méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ẹrù ni wọ́n rò tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á bi ẹsẹ̀ aládàádúró léèrè ohun tó lè ṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni lẹ́tà náà ti ṣini lọ́nà jù. Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n ti tò ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ aládàádúró. Irú ẹsẹ̀ wo? Ọ̀pá méjì tí kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ju ẹ̀gbẹ́ gíà lọ. Bí ìdí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fò sókè ní kọ́nà, táyà òde á ká wọ abẹ́ ọkọ̀, etí rẹ̀ á máa fa ilẹ̀, kíká tó ká náà á sì tún ti ìdí ọkọ̀ sókè sí i, títí tí ọkọ̀ fi lè yí po tàbí kó dojú dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí lábẹ́ Chevrolet Corvair ti ọdún 1960 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn bíi ti Ìjàpá. Awuyewuye tí àwọn ènìyàn dá sílẹ̀ lórí rẹ̀ kò kéré, àwọn tó ṣe é sì ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ náà pátápátá nígbà tó fi di ti ọdún 1965. Triumph Spitfire ti 1962, tí kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì mẹ̀kúnnù, jìyà ohun kan náà títí wọ́n fi tún un ṣe ní 1970. Ẹ fi ọ̀kan lára wọn wé Mustang ti 2012 ní kọ́nà, kí ẹ sọ fún mi èyí tí ẹ máa fẹ́ kí ọmọ yín wà nínú rẹ̀.

Irú aládàádúró mìíràn ni èyí tí BMW lò fún ọkọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní E30 tó jáde ní 1982: áàmù ńlá kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó na sẹ́yìn ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ó sàn ju ti Ìjàpá lọ fíìfíì. Síbẹ̀, nítorí pé ó dà gẹ̀rẹ̀, bí ìdí ọkọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò ni títẹ̀ táyà àti ibi tó kọjú sí jọ ń yí padà. Awakọ̀ tó ti wọ kọ́nà tán pẹ̀lú eré, tí ẹ̀rù wá bà á, tó yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ epo lẹ́ẹ̀kan náà, á rí i pé ìdí ọkọ̀ dìde, táyà ẹ̀yìn yí, ìdí náà sì fẹ́ ṣáájú orí. Ó dùn mọ́ ọ̀jáfáfá. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi orí kọ́ irin afárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ni pé nígbà tí BMW ṣe Z3 láti 1995, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn E30 àtijọ́ ni wọ́n fi sí i, bẹ́ẹ̀ ni sàlúùnù wọn ti ìgbà náà ti ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti 1990. Z3 sì wà lára àwọn tòkunbọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń lé kiri, torí pé ó rẹwà, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

N kò fẹ́ fo àwọn ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, nítorí pé àwọn ni owó wọn rọ̀ jù lára ọkọ̀ tó ń sáré. Láti ìgbà Volkswagen Golf àkọ́kọ́ ní 1974 ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní torsion beam lẹ́yìn: áàmù méjì tí irin kan so pọ̀, irin náà sì le tó láti gbé ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ díẹ̀ kí táyà kan lè lọ sókè láì gbé èkejì lódindi. Kò sí dífúrẹ́ńṣà níbẹ̀, nítorí náà ó fúyẹ́. Kò gba àyè, kò wọ́n. Golf GTI ti 1976 fi í di ìlú mọ̀ọ́ká, tòun ti bó ṣe ń gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè ní kọ́nà bí ajá tó fẹ́ tọ̀. Àwọn kan máa ń yínmú sí i. Kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ Nürburgring, òpópónà àyípo ilẹ̀ Jámánì tó gùn ní kìlómítà 20.832, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń figa gbága. Ní 2019, Renault Mégane R.S. Trophy-R, tó fi irin lílọ́ yìí sẹ́yìn, gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà lọ́wọ́ Honda Civic Type R tó ní ẹsẹ̀ aládàádúró oníáàmù púpọ̀, èyí tí n ó ṣàlàyé níwájú. Ó fi ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 45.389 yí i po. Ní 2023 ni Civic tuntun tó gba ipò náà padà pẹ̀lú ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 44.881. Ohun tó wà láàárín ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti tálákà àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti ọlọ́lá, lórí ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, jẹ́ nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí ó bá wá jẹ́ ti ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni, n kò ní fi pamọ́. Ẹsẹ̀ oníáàmù méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní double wishbone. Áàmù òkè máa ń kúrú ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà bí ara ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ sí òde kọ́nà, tí táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn ń wọ inú ilé rẹ̀ lọ, áàmù òkè á fa orí táyà wọlé, ojú táyà á sì tún jókòó dáadáa lórí ilẹ̀. Ó ń ṣe ohun rere tí ẹsẹ̀ alápapọ̀ ń ṣe, láì gba pé kí táyà òsì jìyà kòtò tí táyà ọ̀tún bọ́ sí. Mazda MX-5 tó jáde ní 1989 ní irú ẹsẹ̀ yìí níwájú àti lẹ́yìn, ó sì wọn nǹkan bí kílò 940 péré, nígbà tí Mustang ti 2005 sún mọ́ kílò 1,600. Kò ní agbára púpọ̀, kò sì nílò rẹ̀. Gbogbo ohun tí táyà bá rí lórí ilẹ̀ ni yóò gba inú ìtọ́kọ̀ àti àga sọ fún awakọ̀, bí ìdí bá sì fẹ́ yọ, á yọ díẹ̀díẹ̀, á sì gba ìpadà. Àwọn ènìyàn ti sọ ọkàn wọn lórí rẹ̀: ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni Mazda ṣe èyí tó pé mílíọ̀nù kan. Toyota 86 àti ìbejì rẹ̀ Subaru BRZ, tó jáde ní 2012, tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ MacPherson, èyí tí sípíríǹgì àti ṣọ́kì para pọ̀ di òpó kan tó di táyà mú lókè, ni wọ́n fi síwájú wọn.

Ní ti Honda, ó yẹ kí inú bíni díẹ̀. Láti Civic ti 1988 títí dé ti 2000, ẹsẹ̀ oníáàmù méjì yìí ni wọ́n fi sí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà. Nígbà tó di 2001, wọ́n ti yọ ti iwájú kúrò. Ọ̀pọ̀ àwọn Civic àtijọ́ wọ̀nyẹn ṣì ń rìn káàkiri Ṣómólú, Múṣin àti Sùúrùlérè gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ìlò ojoojúmọ́, tí àwọn tó ni wọ́n kò sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn dára ju èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń pariwo lọ.

Toyota MR2 kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ MacPherson ni ó ní yí ká, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà láàárín, lẹ́yìn àga awakọ̀. Oríṣi kejì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989 gba orúkọ burúkú nítorí pé ìdí rẹ̀ máa ń yọ lójijì, títí Toyota fi tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tí wọ́n sì fẹ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sí i. Ẹni tó bá rí ti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.

Ó wá ku ẹsẹ̀ oníáàmù púpọ̀, èyí tí òǹkàwé wa láti Ìkòyí gbé gẹ̀gẹ̀. Mercedes 190 ti 1982 ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wò kọ́ṣe: áàmù márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí onímọ̀ ẹ̀rọ lè pinnu ní mílímítà ní mílímítà bí táyà yóò ṣe tẹ̀ àti ibi tí yóò kọjú sí. Golf gbà á láti 2003, MX-5 gbà á fún ẹ̀yìn láti 2005, Mustang náà kó ẹsẹ̀ alápapọ̀ dànù, ó sì di aládàádúró pátápátá ní ti 2015. Nígbà tó bá jẹ́ tuntun, n kò mọ ẹsẹ̀ tó lè nà án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ka ojú ìsopọ̀. Áàmù márùn-ún, orí méjì-méjì, ìyẹn mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kan, ogún lápapọ̀. Mustang ti 2005 sí 2014 ní ọ̀pá mẹ́rin tó dì í mú, ojú ìsopọ̀ mẹ́jọ. Ti irin lílọ́ bíi ti Golf àtijọ́ kò ju búṣìn (rọ́bà ojú ìsopọ̀) ńlá méjì lọ. Rọ́bà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìsopọ̀ yìí, rọ́bà sì ń gbó. Oòrùn wa, ẹ̀kún omi, kòtò àti àwọn òkìtì adín-eré-kù tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe kò ràn án lọ́wọ́. Bí búṣìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ogún bá ti jẹ, ìṣirò mílímítà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Jámánì ti bàjẹ́, ìdí ọkọ̀ á wá máa tọ́ ara rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbọ́n jù lọ á máa rìn bíi ti ọ̀mùtí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ènìyàn ni Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó. Kì í ṣe pé kò sí ọjà níbẹ̀. Ohun tí kò sí ní Ládípọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìṣòro ni pé ẹni tó lọ wá búṣìn ogún á bá ti ojúlówó pàdé ní owó tó lè mú kó jókòó, á bá ti ayédèrú pàdé ní owó tó dẹ̀rọ̀, á sì tún bá áàmù Belgium pàdé, tó jẹ́ pé rọ́bà inú rẹ̀ ti bá ọkọ̀ tí wọ́n ti tú u jọ darúgbó. Ọ̀pọ̀ a máa pààrọ̀ èyí tó ń dún nìkan, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti wíìlì àláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títò ibi tí táyà kọjú sí. Ẹsẹ̀ oníáàmù púpọ̀ gbọ́dọ̀ gba títò lẹ́yìn bí ó ti ń gbà á níwájú, àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́bàá títì ní Èkó, táyà iwájú méjì nìkan ni wọ́n ń tò, wọ́n á gba owó wọn. Ẹsẹ̀ alápapọ̀ àti ti irin lílọ́ kò sábà ní ohun tí a ń tò lẹ́yìn rárá. Èyí tí à ń kà sí àìlajú wọn di àǹfààní ní ìlú wa.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ táyà kún un díẹ̀, nítorí pé a lè sọ ti ẹsẹ̀ tán kí táyà sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí Toyota gbé 86 jáde, táyà Michelin Primacy HP, 215/45 R17, ni wọ́n fi sí i, èyí tí kì í ṣe táyà sípọ́ọ̀tì, tí ìdìmú rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí awakọ̀ lè gbádùn ìṣesí ọkọ̀ ní eré tí kò pọ̀ jù. Ọkọ̀ wà ní ọjà wa tó jẹ́ pé táyà fífẹ̀ mẹ́rin tí kò bára mu ni wọ́n fi há a, tí nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára wọn, èyí tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n, sì ń fi hàn pé wọ́n ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láyé. Kò sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ là.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá bi mí, MX-5 tàbí 86 tí abẹ́ rẹ̀ mọ́ ni màá kọ́kọ́ ní kí ó wá, bó bá lè rí i. Bí kò bá rí i, kí ó wo Civic ẹlẹ́nu ọ̀nà méjì ti kí ó tó di 2001, kí ó sì náwó sí búṣìn rẹ̀ dípò kí ó máa ra àwọ̀ àti sálẹ́ǹsà aláriwo. Bí ọkàn rẹ̀ bá sì wà lórí Mustang, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ alápapọ̀ dẹ́rù bà á. Kí ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á, kí wọ́n gbé ìdí ọkọ̀ sókè, kí wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí wọ́n mì í, kí wọ́n fi irin gbọọrọ yẹ ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n sì wo etí inú táyà ẹ̀yìn méjèèjì bóyá ó jẹ ju ti òde lọ. Lẹ́yìn èyí, kí ó wà á ní ojú ọ̀nà tó tẹ́jú ní eré ìwọ̀nba, kí ó tẹ epo, kí ó sì rọra yọ ẹsẹ̀, kí ó wò ó bóyá ìdí ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó tẹ epo, tó sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kejì nígbà tó yọ ẹsẹ̀. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, búṣìn ló ti lọ. Mustang ti 2013 tí ojú ìsopọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rẹ̀ ṣì le gbagidi, màá mú un ṣáájú ti 2015 tí ojú ìsopọ̀ tirẹ̀ ti ń pariwo lórí ọ̀nà Ìkòròdú, ojoojúmọ́ tí mo bá jí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ṣómólú, Èkó.